Orógbó àti Ẹ̀dọ̀: Ààbò Yàtọ̀ sí Ìwòsàn

Ẹni tí ó bá ti gba ojú títì Èkó sí Bìní kọjá rí yóò mọ Ore bí ẹní mowó. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò lè jẹun, ibẹ̀ náà sì ni àwọn alágbo ti ń ká èrò mọ́ ìdí ọkọ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń kéde pé orógbó tí òun gún mọ́ àgbo òun ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́. Pé kí ọ̀mùtí máa mu ọtí rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè má wulẹ̀ dé ọsibítù, nítorí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ti fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ra ìgò méjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pàápàá nítorí pé òtítọ́ wà nínú apá kan rẹ̀.

Lóòótọ́ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ orógbó wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí alága àjọ elétò ìdìbò láti 2005 sí 2010, jẹ́ onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Nsukka kí ó tó bọ́ sídìí àpótí ìbò. Ní 1985, ó tẹ ìwádìí kan jáde lórí èròjà inú orógbó tí a ń pè ní kolaviron, tí ó jẹ́ àkópọ̀ àwọn flavonoid. Májèlé mẹ́rin tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni wọ́n fi dán an wò lára ẹranko. Méjì nínú wọn wá láti inú olú apani. Èròjà náà dín ìpalára májèlé wọ̀nyí kù. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà síwájú lára eku, títí kan májèlé tí a ń pè ní aflatoxin.

Aflatoxin yìí ni ó yẹ kí àwa ará ilé mọ̀ dáadáa. Ohun tí ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dénú, tí a fi ń sọ pé wọ́n bu, ni ó ń pèsè rẹ̀. Ní 1960, ó pa tòlótòló tí ó lé ní 100,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2004, àgbàdo tí ó bu pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti tú májèlé náà palẹ̀, ni ó ń sọ ọ́ di iná. Iṣẹ́ flavonoid ni láti bu omi pa iná náà kí ó tó ràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kíyè sí “kí ó tó” yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyí, eku ti ń jẹ kolaviron kí wọ́n tó fún un ní májèlé, tàbí kí wọ́n fún un ní méjèèjì pọ̀. Ààbò ni ìyẹn. Asà ni à ń gbé kí ọfà tó dé. Ẹni tí ọfà ti wọ̀ lára, ẹni tí yóò yọ ọ́ ni à ń wá fún un. Ẹ tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Mílígírámù 100 sí 200 fún kìlógírámù ara kan ni wọ́n sábà ń fún eku. Bí a bá fi ìṣirò lásán gbé e lé ẹni tí ó wọn kìlógírámù 60, gírámù 6 sí 12 ògidì èròjà náà ni, kì í ṣe orógbó kan tàbí méjì tí a rẹ sínú ìgò. Ọtí ni wọ́n sì fi ń rẹ púpọ̀ nínú àgbo gáréèjì, ọtí tí òun gan-an ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́!

Níbi ìsọmọlórúkọ, àdúrà ni a ń fi orógbó ṣe, kí ọmọ gbó, kí ó tọ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ àṣà yìí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àṣà mìíràn wà tí ó kan ẹ̀dọ̀ jù ú lọ, tí a kì í kéde rẹ̀ ní gáréèjì. Àwọn ìyá wa a máa kó àgbàdo sórí àjà lókè ààrò kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Wọ́n a máa ṣa ẹ̀pà tí ó bu kúrò kí wọ́n tó yan èyí tó kù. Ní agbègbè Ore àti Odigbo, níbi tí òjò ti ń pọ̀ nígbà ìkórè, ẹlòmíràn a bó àgbàdo tútù, a dì í sínú àpò, a fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ọjà.

Ní ti ẹyinjú pípọ́n, àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń fà á nílẹ̀ wa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà fún ọmọ ọwọ́. Ẹni tí ó ní in, tí ó tún ń jẹ aflatoxin, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a máa di ìlọ́po ìlọ́po. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kò jìnnà sí gáréèjì Ore, nítorí Ore gan-an ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kí wọ́n gbé tábìlì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ àwọn alágbo, kí ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n lè rí ibòmíràn yà sí kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra.