Bí Ìlà Ṣe Ń Gùn ní Disney World

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Atlanta tàbí London, àti àwọn mìíràn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó, ló máa ń kó àwọn ọmọ wọn lọ sí Walt Disney World nígbà ọlidé. Owó ńlá ni wọ́n ń ná síbẹ̀. Síbẹ̀, ẹlòmíràn á padà dé tòun ti ẹsẹ̀ wíwú, á ní ìlà ni àwọn tò láti àárọ̀ dalẹ́. Kí a tó dá ibẹ̀ lẹ́bi, tàbí kí a dá òbí lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ tó fẹ̀ bí odidi ìlú ni, nítòsí Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọgbà ìṣeré mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣí Magic Kingdom ní 1971, EPCOT ní 1982, èyí tí à ń pè ní Hollywood Studios lónìí ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Ẹ má ṣe kó ọgbà méjì sínú ọjọ́ kan bí ẹ bá ń kó ọmọ kékeré lọ. Ìrìn àárín wọn á gba àkókò yín. Ní Magic Kingdom pàápàá, ẹni tó wa mọ́tò lọ kò lè gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tó bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ó ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin kékeré kó tó débẹ̀.

Ìlà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ìṣeré kọ̀ọ̀kan ní iye èèyàn tó lè gbé ní wákàtí kan, iye náà kì í sì í lé sí i nítorí pé èrò pọ̀. Bí ẹnu ẹ̀rọ omi àdúgbò ló rí: bí korobá bá ń yára dé ju bí omi ṣe ń yára kún wọn lọ, àfi kí wọ́n máa tò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan ń gbé èèyàn 1,000 ní wákàtí kan. Bí èèyàn 800 bá wá ní wákàtí àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa dúró pẹ́. Bí 1,500 bá wá dé láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, 500 á ṣẹ́kù. Kí aago méjìlá tó lù, 1,500 mìíràn tún dé. Àwọn tó ń dúró ti di 1,000 nìyẹn. Ẹni tó bá dé lórí aago méjìlá á dúró fún odidi wákàtí kan gbáko. Ìlà náà kò sì ní kúrú, àfi ìgbà tí àwọn tó ń dé bá kéré sí 1,000 ní wákàtí.

Ìdí nìyí tí àárọ̀ kùtù fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Èrò kì í tíì pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Lálẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ bá ti ń lọ sùn, ìlà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Disney fúnra rẹ̀ ní àǹfààní láti wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn yòókù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn níye lórí ju bó ṣe dún létí lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí à ń sanwó fún, Lightning Lane ni wọ́n ń pè é. Orí fóònù lẹ ti máa yan àkókò tí ẹ fẹ́ wọ ẹ̀rọ, ẹ ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kọjá. Ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì wọn lè yan tirẹ̀ ní ọjọ́ méje ṣáájú, àwọn yòókù ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé owó yìí kò fi àga kan ṣoṣo kún ẹ̀rọ. Àga tí wọ́n fún ẹni tó sanwó, lára ti àwọn tó ń tò ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìyẹn ló fà á tí ìlà ọ̀fẹ́ fi máa ń falẹ̀ nígbà mìíràn, bí kò tilẹ̀ gùn lójú. Lójú tèmi, ó tó kí ìdílé ra á fún ọjọ́ kan ní Magic Kingdom, kí wọ́n sì fi àárọ̀ kùtù ṣe àwọn ọjọ́ tó kù.

Àsìkò náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti ti Àjíǹde ni èrò ń ya bo ibẹ̀ jù. Ní ìparí oṣù Ògún, àwọn ọmọ Florida ti padà sí ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ọlidé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò tíì parí. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé. Àmọ́ oòrùn ń mú gan-an nígbà náà, òjò àti mànàmáná sì wọ́pọ̀ lọ́sàn-án. Bí mànàmáná bá sún mọ́ tòsí, wọ́n á dá àwọn ẹ̀rọ ìta dúró. Nítorí náà, ẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, kí àwọn ọmọ sùn tàbí kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́. Ìsinmi yìí kì í ṣe àkókò tó ṣòfò, nítorí wákàtí tí ìlà gùn jù lẹ fi sinmi.

Ẹ lè gbé oúnjẹ yín wọlé, bí kò bá ti sí ìgò tàbí ọtí níbẹ̀. Bí ẹ bá sì béèrè omi tútù níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bu ife rẹ̀ fúnni.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í sanwó ìwọlé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá, owó àgbà ni yóò san. Gíga tún wà níbẹ̀: ẹni tí kò bá ga tó ínṣì 44 kò lè wọ ẹ̀rọ Space Mountain, bó ti wù kó sunkún tó. Òbí kan lè dúró ti ọmọ tó kéré, kí èkejì lọ wọ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì pààrọ̀ láìtún ìlà tò. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó tò.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kálukú wọn sọ ohun méjì tó wù ú jù. Àwọn ohun wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀. Gbogbo ìyókù, ẹ kà á sí èènì.