Ẹgbọ̀rọ̀ abo màlúù sàn fún ọ̀dọ́ ju ọ̀kadà lọ

Ọ̀kadà làwọn olóṣèlú sábà máa ń pín fún ọ̀dọ́ lórúkọ ìrónilágbára. Bí ọ̀kadà náà bá ti bàjẹ́, ìrónilágbára tán nìyẹn. Ẹgbọ̀rọ̀ abo màlúù ló yẹ ọ̀dọ́ Òsì àti Ìlọfà ní ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí òun a máa bímọ.

Ètò rẹ̀ kò ṣàjèjì sáwọn àgbà. Àgbàsìn ni, bí wọ́n ti ń ṣe é pẹ̀lú ewúrẹ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fún ọ̀dọ́ ní abo kan. Abo àkọ́kọ́ tó bá bí, kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́ mìíràn. Ìyókù, ti ẹni tó sìn ín ni. Akọ kan ṣoṣo tó fún ogún abo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dída ẹran kiri inú igbó. Láti ìgbà táwọn agbébọn ti pa ọba ìlú Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, lóṣù kejì ọdún 2024, òbí wo ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ rẹ̀? Inú ọgbà ni kí màlúù wà. Pòpórò àgbàdo, ewé ẹ̀pà àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ wà fún un láti jẹ. Muturu, màlúù kúkúrú tí kò níké, ló dára jù, torí ó ń fara da àìsàn tí eṣinṣin sẹ̀sẹ̀ ń fà.

Sùúrù ló gbà. Oṣù mẹ́sàn-án ni oyún màlúù, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Ọdún 2024 nìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Káwọn alága Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, káwọn àgbà sì máa bi wọ́n léèrè.