Ìgbà tí aṣòfin mẹ́rin dá jókòó fún gbogbo Rivers

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Port Harcourt, ojú yín ló ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ṣì ń bi wá pé, kí ló kan àlejò nínú ìjà àwọn aṣòfin?

Aṣòfin 32 ló yẹ kó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Rivers. Ní December 11, 2023, 27 nínú wọn kéde pé àwọn ti kúrò nínú PDP, àwọn ti wọ APC. Nígbà tó di ọjọ́ 13, katakata ti ń wó ilé ìgbìmọ̀ náà. Lọ́jọ́ náà gan-an, Gómìnà Siminalayi Fubara gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì 800 bílíọ̀nù náírà síwájú aṣòfin mẹ́rin péré. Mẹ́rin! Wọ́n fọwọ́ sí i, gómìnà sì buwọ́ lù ú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ló dá a sílẹ̀ o. PDP kan náà ni gómìnà àtàwọn 27 yẹn jọ fi wọlé. Ẹni tí kálukú ń tẹ̀lé ló pín wọn: àwọn kan lẹ́yìn Wike, àwọn kan lẹ́yìn Fubara.

Ní February 28, 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí wọ́n dáwọ́ owó tó ń ti Àbújá lọ sí Rivers dúró títí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó bófin mu yóò fi wà. Wọ́n tún fagi lé ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó wáyé ní October 2024. Ní March 18, Ààrẹ Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì. Gómìnà àti gbogbo aṣòfin lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà.

Ọmọ onílẹ̀ tí nǹkan le fún lè padà sábúlé, ó sì lè lọ kan ilẹ̀kùn ìbátan rẹ̀ tó wà nípò. Àwa ńkọ́? Iléèwé ìjọba lọmọ wa ń lọ, ọsibítù ìjọba la ń gbé aláboyún lọ, a ò sì ní ẹnìkankan nínú ilé yẹn.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ àwọn bàbá wa nínú ẹgbẹ́. Ìdìbò 2027 ń bọ̀, wọn á gbé ankara wá pé kí Yorùbá wá bá àwọn ṣe ìwọ́de. Ẹ gbà wọ́n lálejò, ẹ fún wọn lóbì, ẹ má wọ aṣọ náà. Ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá dé, ṣé ẹ máa lè jókòó ti ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn?