Ẹ Má Fi Iye Tó Mú Nìkan Gbé Aṣọ́lé Ọ̀dọ́ Sókè

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ọmọ lọ sí pápá yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín tí ẹ máa ń pariwo lẹ́yìn dígí, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé kékeré yìí sí. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín yín tí mo fẹ́ bá jà. Ẹ ní bí aṣọ́lé ọ̀dọ́ kan bá ti ń mú pọ́ọ̀kì ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní líìgì kékeré, ó ti tó gbé sókè nìyẹn. Ẹ ní nọ́ńbà kì í purọ́. Èmi ń sọ fún yín pé nọ́ńbà aṣọ́lé ọ̀dọ́ ń purọ́ gan-an, àwọn ọmọ wa ló sì ń jìyà irọ́ náà.

Ẹ wo Marc-André Fleury. Ní 2003, òun ni Pittsburgh Penguins kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ikọ̀ NHL yàn lọ́dún náà. Ọmọ ọdún 18 ni. Ní alẹ́ tó kọ́kọ́ ṣọ́ ilé fún wọn, ní oṣù Kẹwàá, ó mú pọ́ọ̀kì 46. Wọ́n na Pittsburgh ní 3 sí 0 lálẹ́ ọjọ́ náà, síbẹ̀ ìròyìn tó gba ìgboro ni pé ọmọ náà ti dé. Eré 21 ló gbá ní sáà náà, 4 péré ló sì borí nínú wọn. Nígbà tí ọdún 2004 wọlé, wọ́n dá a padà sí líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Cape Breton, ní Kánádà. Fleury padà di àgbà aṣọ́lé lóòótọ́, ó gba ife Stanley ní 2009, ní 2016 àti ní 2017. Ẹ̀bùn náà wà lára rẹ̀ láti alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn ni 46 náà fi hàn wá, a sì fi ìkánjú pè é ní ìgbà tó pé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní lòdì sí nọ́ńbà yín ni pé kò pọ̀ tó láti jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní aṣọ́lé kan wà tí agbára rẹ̀ gan-an jẹ́ pé, nínú pọ́ọ̀kì 1,000 tí wọ́n bá gbá sí i, yóò mú 910. Ká ní wọ́n ń gbá 28 sí i nínú eré kọ̀ọ̀kan. Nínú eré mẹ́wàá, 280 nìyẹn, a ó sì máa retí pé nǹkan bíi 25 yóò wọlé. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀kì a máa kan òpó ilé kó sì ta padà, a sì máa kan bàtà ẹlòmíràn kó wọlé. Kò sí ìyanu kankan bí 20 bá wọlé dípò 25, kò sì sí ìyanu bí ó bá jẹ́ 30. Bí ó bá jẹ́ 20, ìwé yóò kọ 929 sí orúkọ ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ 30, yóò kọ 893. Ọmọ 929, ẹ ó gbé e jó. Ọmọ 893, ẹ ó ní kí bàbá rẹ̀ tètè wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Ọmọ kan náà sì ni, ọwọ́ kan náà, ojú kan náà, orí yìnyín kan náà.

Ẹni tó bá ní eré mẹ́wàá kéré, ẹ jẹ́ ká fà á dé 50, kí pọ́ọ̀kì di 1,400. Nọ́ńbà ọmọ tí mo ń wí yìí ṣì lè jẹ́ 918, ó sì lè jẹ́ 902, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀. Àárín 902 sí 918 yìí gan-an ni ẹ ti máa ń jà bóyá ọmọ ti tó tàbí kò tíì tó.

Ẹ̀sùn kejì ni pé iye tí aṣọ́lé mú kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn márùn-ún ló wà níwájú aṣọ́lé. Bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ wọn, wọn yóò máa lé alátakò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àtòkèèrè nìkan ni wọ́n ó sì ti máa ráyè gbá a. Nọ́ńbà ọmọ náà yóò máa dán. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ tó dára jù ú lọ ní ìlú kejì yóò máa jẹ góòlù mẹ́rin lálaalẹ́.

Ibi tí irọ́ náà ti jinlẹ̀ jù rèé. Ẹ fi ojú inú fa ìlà kan láti àárín ilé kan lọ dé àárín ilé kejì. Pọ́ọ̀kì tí wọ́n bá ti tì sọdá ìlà yìí kí wọ́n tó gbá a ló ń pa aṣọ́lé, torí ó ní láti gbé gbogbo ara rẹ̀ láti òpó kan lọ sí òpó kejì. Ilé náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì ga ní 4. Pọ́ọ̀kì tó ń sáré ní máìlì 90 ní wákàtí kan, tí wọ́n gbá láti ẹsẹ̀ bàtà 60, kò ní lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé. Ní AHL, líìgì tó wà lábẹ́ NHL gan-an, ẹni tí wọ́n tì í sí lè kọ́kọ́ dá a dúró lórí igi rẹ̀, kó tún un ṣe, kó tó gbá a. Ìdúró kékeré yẹn ni aṣọ́lé tó pẹ́ máa ń rí lò. Yóò fò, yóò na ìbọ̀wọ́, yóò mú un, ìwé yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mú un. Ní NHL, wọn kì í sábà dá a dúró. Bí ó ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń gbá a. Àlékún tí líìgì kékeré ń fún ọmọ tó pẹ́ kò bá a gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àlékún náà wà nínú nọ́ńbà tí ẹ gbé e gòkè lé lórí.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí mo jókòó sẹ́yìn dígí. Ọmọ tó wà nílé ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo èrò ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti pọ́ọ̀kì láti ọ̀tún sọdá sí òsì. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára ẹni tó tì í nígbà tí pọ́ọ̀kì ti dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì. Ó ṣubú síwájú, ó na ìbọ̀wọ́ òsì sókè, pọ́ọ̀kì náà sì wọ inú rẹ̀. Gbogbo ilé dìde. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi léjìká, ó ní, "Kí ni ọmọ yìí tún ń ṣe níbí?"

Lẹ́yìn ìsinmi, ìhà yí padà, aṣọ́lé kejì wá dúró níwájú wa. Wọ́n ti irú pọ́ọ̀kì kan náà, láti ọ̀tún sọdá sí òsì. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí. Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì kí pọ́ọ̀kì tó dé ibẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ara rẹ̀, ó ṣẹ́ yìnyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró. Nígbà tí wọ́n gbá a, àyà rẹ̀ ni pọ́ọ̀kì bá, ó sì fi apá dì í mọ́ra. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wo fóònù rẹ̀.

Nínú ìwé, oókan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà. Lójú mi, ọ̀kan nínú wọn ti tó, ọ̀kan kò tíì tó, ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ ni kò tíì tó.

Ẹ ní kí wọ́n sáà gbé e sókè, kó lọ kọ́ ìyókù níbẹ̀, pé inú omi la ti ń kọ́ odò wíwẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bá atamátàsé mu. Atamátàsé 12 ni ikọ̀ NHL sábà máa ń wọ aṣọ fún ní eré kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi ọmọdé sáàárín àwọn àgbà, kó fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kó fà á jáde bí ó bá ṣìṣe. Aṣọ́lé kò níbi tí a lè fi í pamọ́ sí. Méjì ni wọ́n ń wọ aṣọ, ẹnì kan ló ń ṣọ́ ilé, àṣìṣe rẹ̀ sì ni iná pupa ń tàn lé lórí. Bí wọn kò bá sì fi í ṣọ́ ilé, orí bẹ́ńṣì ni yóò ti máa wòran, yóò gbá ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ orí tó yẹ kó máa gbá eré léraléra títí yóò fi mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ rántí Carey Price. Ní 2007, ọmọ ọdún 19, ó dé Hamilton ní ìparí sáà, ó gba ife Calder ti AHL pẹ̀lú wọn, òun náà ni wọ́n sì yàn ní ẹni tó tayọ jù nínú ìdíje àṣekágbá. Ta ni nọ́ńbà rẹ̀ tún dára jù ìyẹn lọ? Montreal gbé e sókè ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2008, wọ́n ti tún dá a padà sí Hamilton. Wọ́n pè é padà, wọ́n ta Cristobal Huet tó jẹ́ àgbà ibẹ̀ fún Washington, gbogbo ẹrù sì bọ́ sórí ọmọ ọdún 20. Philadelphia lé wọn jáde ní ìpele kejì. Ọdún 2015 ni Price tó gba ẹ̀bùn Hart, ti ẹni tó wúlò jù ní NHL, àti Vezina, ti aṣọ́lé tó dára jù, pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 27. Ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ife Calder. Àkísà ni ọdún mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Ẹ fẹ́ dárúkọ Patrick Roy, tó gba ife Stanley fún Montreal ní 1986 ní ọmọ ọdún 20. Òótọ́ ni, n kò ní fi ṣe àwáwí. Roy kò pẹ́ ní líìgì kékeré rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ ní sáà náà kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀: 875 nínú 1,000, iye tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aṣọ́lé ìgbà náà. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà yan aṣọ́lé kò ní rí i láàárín èrò. Ẹ fẹ́ dárúkọ Ken Dryden, tó gbá eré mẹ́fà péré ní 1971 kó tó gba ife náà. Dryden ti pé ọmọ ọdún 23, ó sì ti ṣọ́ ilé fún Yunifásítì Cornell kó tó dé Montreal.

Ẹ fẹ́ dárúkọ Matt Murray. Òun gan-an ni ẹlẹ́rìí mi. Ní sáà 2014 sí 2015, ó gbá eré 12 ní AHL láìjẹ góòlù kan, 941 sì ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò bá ti gbé e gun orí. Pittsburgh dá a padà sí Wilkes-Barre, ikọ̀ wọn ní AHL, nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2015 ló tó kọ́kọ́ ṣọ́ ilé ní NHL. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà 2016, ó ti gba ife Stanley.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó so mọ́ èyí bí okùn: pé ọmọ tó bá pẹ́ ní ìsàlẹ̀ yóò jẹrà. St. Louis Blues yan Jordan Binnington ní 2011. Ó rìn láti ìlú dé ìlú, kódà wọ́n yá a fún Providence fún odidi sáà. Oṣù Kìn-ín-ní 2019 ni wọ́n tó fi í bẹ̀rẹ̀ eré ní NHL. Ó na Philadelphia ní 3 sí 0, ó sì gbé ikọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lọ gba ife Stanley àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Tim Thomas ti lé ní 30 ọdún kó tó fìdí múlẹ̀ ní Boston. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tó gba ife ní 2011. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló jẹrà?

Kí wá ni ká máa wò? Ẹ wo ibi tí ọmọ dúró sí kí wọ́n tó gbá a: ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀, àbí ó ṣì ń yọ̀ lọ? Ẹ wo ibi tí pọ́ọ̀kì ń ta sí lẹ́yìn tó bá kàn án: ṣé igun ògiri ni, àbí igi alátakò? Ẹ wo pọ́ọ̀kì tó tẹ̀ lé góòlù ẹ̀gbin, torí ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti ń hàn. AHL a máa gbá eré ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú léra wọn. Ẹ wo ọmọ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí itan rẹ̀ ti wúwo, kí ẹ mọ̀ bóyá orí rẹ̀ ṣì ń yí ṣáájú ara rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gbá níwájú rẹ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ńbà náà, ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí kan lára ẹ̀rí púpọ̀, lẹ́yìn sáà kan sí méjì, pẹ̀lú orúkọ àwọn márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí ní pàtàkì, ẹ má jẹ́ kí ariwo èrò dà yín láàmú. Bí ọmọ yín bá ti ń dúró kí pọ́ọ̀kì tó dé, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, yálà ó rẹ̀ ẹ́ tàbí kò rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè, kódà bí ìwé bá kọ 900. Bí ó bá sì jẹ́ pé fífò ló fi ń bá a, ẹ fi í sílẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kódà bí ìwé bá kọ 930.