Fídíò, Ìtàn àti Èdè-Ìperí

Ní 1897, ní Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣì gbà pé oòrùn ní ń fa ibà. Èdè-ìperí wa ní ẹ̀bi tirẹ̀: kòkòrò ni ẹ̀fọn, kòkòrò náà ni a tún pe ohun tí ó ń gbé kiri. Èrò tèmi ni pé ìtàn inú fídíò ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kí a kọ́kọ́ rí abo ẹ̀fọn tí ó mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ohun àìfojúrí tí ń dàgbà nínú rẹ̀, àti ọmọ tí kò sùn sábẹ́ àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni kí a dárúkọ. Nítorí náà, àwa atúmọ̀-èdè kò gbọdọ̀ dúró títí wọn yóò fi ya fídíò tán.