Lẹ́tà Ìta Gbangba Lórí Ọjà Oil Mill: Ewu Tó Ní Ọjọ́ Yẹ Kó Ní Owó

Sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Obio-Akpor, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Òde, àti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC.

Ewu ojú pópó kì í sábà dágbére kó tó dé, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Ọjà Oil Mill ní Port Harcourt ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà ńlá náà, ẹ̀bá títì márosẹ̀ tó lọ sí Aba ni wọ́n sì ti ń ná an, débi pé ọjà àti títì a máa wọnú ara wọn. Ohun tí lẹ́tà yìí ń tako ni àṣà kí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ máa dúró de ìjàǹbá kí wọ́n tó wá owó tí wọn yóò fi dènà rẹ̀, nígbà tí kàlẹ́ńdà ti sọ ọjọ́ tí ewu yóò dé.

Lọ́jọ́ ọjà, wọn a máa tẹ́ aṣọ òkírìkà, ìyẹn àlòkù aṣọ òkè òkun, sórí ọ̀rá nílẹ̀. Oníbàárà a bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì kọ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Alábàárù tí kò rí àárín èrò gbà kọjá a bọ́ sójú títì tòun ti ẹrù lórí, kẹ̀kẹ́ NAPEP a dúró níbi tí èrò bá ti nawọ́ sí i, bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn rẹ̀ a yà lójijì, ọkọ̀ àjàgbé a sì tẹ bíréékì. Kò sí ẹni tó fẹ́ pààyàn nínú wọn. Àyè tí wọn ìbá fi yàgò fúnra wọn ni kò sí.

Òfin ti pín iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò so ó pọ̀. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 fi ìdásílẹ̀ àti àbójútó ọjà àti ibùdókọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀; ti ìjọba àpapọ̀ ni títì márosẹ̀, FERMA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, ló sì ń tún un ṣe; FRSC, tó ti wà láti ọdún 1988, ló ń ṣọ́ àwọn awakọ̀. Nígbà tí olúkúlùkù bá ka ojú ìwé tirẹ̀ tó sì pa á dé, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀dà títì àti àtẹ ọjà a di ilẹ̀ tí kò ní baba, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ń dúró sí.

Àìsopọ̀ yìí ló ń hàn nínú ètò ìṣúná, èyí tí í ṣe ìwé tí ìjọba fi ń pinnu ohun tí yóò náwó lé lórí lọ́dún tó ń bọ̀. Owó tí ọlọ́jà ń san wà lábẹ́ owó tó ń wọlé, títún ọ̀nà ṣe wà lábẹ́ iṣẹ́ òde, nígbà tí ààbò ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ní ìlà tirẹ̀. Ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ti dín àwáwí kù. Àmọ́ owó tó dé ọwọ́ ẹnì kan kò lè tún ibi tí ọwọ́ mẹ́ta ti pàdé ṣe, àfi tí wọ́n bá jọ jókòó.

Akungba-Akoko ní ìpínlẹ̀ Ondo ti fi ohun tí ìdádúró ń fà hàn: ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ibẹ̀, ó sì pa èèyàn. Irú owó tó bá dé lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń wí pé aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ohun tí a ń béèrè kò ju agbára lọ. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a darúkọ lókè pàdé pẹ̀lú àwọn olórí ọlọ́jà kí wọ́n tó kọ ètò ìṣúná, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó ọjà fún ìdènà onírin, ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò ti máa gbé èrò, àti àwọn tí yóò máa darí ọkọ̀ ní Ọjọ́rú. Kí ìjọba àpapọ̀ ṣe ohun tí yóò mú ọkọ̀ rọra ní ìwájú ọjà, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kìlómítà 30 ní wákàtí kan ló yẹ níbi tí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ bá ti dàpọ̀. Kí wọ́n sì lẹ iye tí wọ́n ná mọ́ ara ògiri ọjà, kí ẹni tó san owó rí ohun tí owó náà ṣe.

Ọjọ́rú 52 ló wà nínú ọdún, kò sì sí èyí tó lè bá ìjọba lójijì nínú wọn. Bí akọ̀wé owó bá lè ka iye owó tí ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan yóò mú wọlé, ó yẹ kó lè ka iye tí yóò mú àwọn tó san án padà délé láàyè.