Ìyá Àgbà, Ẹ Bá Wọn Gba Ọmọ Yẹn

 

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ wa ni mo mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ wa tàbí fún ìyàwó ọmọ wa. Ọmọ tí a fi òrí pa lára, tí a gbé pọ̀n, tó jókòó, tó rìn, ó wá pé ọdún méjì, a pè é lórúkọ, kò wẹ̀yìn. Kì í wojú èèyàn. Bó bá fẹ́ omi, kò ní nawọ́ sí i, ọwọ́ yín ló máa fà lọ síbẹ̀. Òmíràn ti ń pe "màmá" tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wá pòórá lẹ́nu ẹ̀. Òmíràn á máa to ìdérí ìgò láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹ sún ẹyọ kan péré, igbe ta.

Ọ́tísíìmù ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ranni, kì í sì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀ sí ti àwa yòókù. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé sọ pé lọ́dún 2021, nínú èèyàn 127, ó tó ẹnì kan tó ní i. Ẹ wá ka iye èèyàn tó wà lọ́jà wa.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹjọ́. Bí ọmọ ò bá ti sọ̀rọ̀ lásìkò, ìyá ẹ̀ la máa kọ́kọ́ mú. "Kò sírú ẹ̀ nílé tiwa." "Mo kìlọ̀ fún un kó má rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún." "Iṣẹ́ ló gbájú mọ́, kò ráyè bá ọmọ ṣeré." Àwa nìkan kọ́ o. Lọ́dún 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ ló fà á. Àwọn ìyá sunkún títí. Lọ́dún 1964 ni Bernard Rimland, tí ọmọkùnrin tiẹ̀ náà ní ọ́tísíìmù, kọ ìwé tó tú irọ́ yẹn fó. Lónìí, a ti mọ̀ pé ohun tí à ń bí mọ́ni pọ̀ nínú ẹ̀, ti bàbá, ti ìyá. Kò sí ìrìn ọ̀sán gangan tó fà á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kọ́. Ìwé tí dókítà kan kọ ní London lọ́dún 1998 ló dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde sì ti yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2010. Ìyá àgbà tó bá torí ẹ̀ ní kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́ fún àbúrò ọmọ náà, èéyí ló ń pè wálé.

Ta ló lè pa ẹnu àwọn elẹ́jọ́ yìí mọ́? Ìyàwó ilé ò lè dá ìyá ọkọ lóhùn, kò sì lè bá àwọn àǹtí ọkọ ẹ̀ jà. Bàbá ọmọ fúnra ẹ̀ á máa sá jáde. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá sọ lẹ́ẹ̀kan pé, "Mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn nínú ilé yìí mọ́," ó parí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní tèmi, ibí gan-an ni òwe yẹn ti wúlò, àfi pé orí ìyá ọmọ ló ń wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ọwọ́. Ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rí oorun sùn, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í sùn dáadáa lóru. Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ lè bọ́, ìsọ̀ lè di títì. Ẹ ṣe àdúrà fún un, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ tún fún un ní wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé, kó fi sùn, kó fi dirun, kó fi bá ọkọ ẹ̀ jókòó. Ẹ bá a gba ọmọ yẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ kọ́kọ́ bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ló mọ ọmọ ẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ tọ́ ọmọ mẹ́wàá. Bó bá ní ìrẹsì funfun nìkan ló ń jẹ, tí ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án, ẹ fún un ní ìrẹsì funfun, ẹ má rọ ọ́ bí ọmọ ọwọ́. Ariwo tí àwa ò tiẹ̀ gbọ́ mọ́, ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀, àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn, ó lè máa gún òun létí bí abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ má gbé e wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bó bá di etí, tó ń ju ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, àkẹ́bàjẹ́ kọ́, pàṣán ò sì ní tán an. Ẹ gbé e kúrò níbi ariwo, ẹ dákẹ́, ẹ dúró tì í. Ẹ ti géètì, torí àwọn kan máa ń rìn lọ, wọn ò sì mọ̀ pé ọkọ̀ tàbí kànga léwu. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ṣókí: "Ọmọ mi, jókòó." Ní Yorùbá o! Àwọn kan ń sọ fún òbí pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, pé èdè méjì ló da ọpọlọ ọmọ rú. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀. Oríkì ẹ̀ àti orin tí ẹ fi ń rẹ̀ ẹ́, ẹ máa kọ ọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ló fẹ́ràn orin.

Ó ku owó. Kò sí oògùn tó ń mú ọ́tísíìmù kúrò. Ẹni tó bá ní òun ní àgbo ẹ̀, owó yín ló ń wò. Mi ò ní kí ẹ má lọ sílé àdúrà o, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má febi pa ọmọ, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí torí àǹjọ̀nú. Ẹ̀kọ́ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń bèèrè nǹkan, bí a ṣe ń wọṣọ. Bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù. Àwọn dókítà tó ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Yaba l'Ékòó, ní Aro l'Ábẹ́òkúta, àti ní UCH n'Íbàdàn. Owó olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe kékeré, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan là ń san án. Bí àjọ bá kàn yín, tí ẹ fẹ́ fi í ra aṣọ ẹbí mẹ́ta, ẹ ra ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fi ìyókù san owó olùkọ́. Èmi tí mò ń ta aṣọ ló ń sọ ọ́ o.

Bàbá àgbà náà, kó má kàn jókòó ti rédíò. Ó lè máa mú àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà jáde, torí àwọn yẹn máa ń rò pé wọ́n ti gbàgbé àwọn.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń fi irú ọmọ yìí pamọ́ sí yàrá bí àlejò bá dé, wọn kì í mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ mú un lọ. Ẹ tètè dé kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ orin, kẹ́ ẹ sì tètè kúrò. Bí ẹnì kan bá wò ó tó bèèrè pé kí ló ṣe ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ìyá ẹ̀ dáhùn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé, "Ọmọ-ọmọ mi ni. Ọ́tísíìmù ló ní. Ẹ bá wa dín ohùn rédíò yẹn kù díẹ̀."